Ibi Tí Nẹ́tíwọ̀kì Wà Nínú Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé dáadáa nínú ilé wa ní Òkokomáíkò: ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù ilé ìdáná. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò módẹ́ẹ̀mù kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà á rántí. Bàbá mi ra okùn gígùn fún tiwa ní ọjà Àlàbá, kó lè dé ẹ̀yìnkùlé láti ara kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀. Bí mo bá ti pọnmi, tí mo fọ abọ́ tán, iṣẹ́ tó kù fún mi ni kí n gun àga, kí n kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ kí páànù má baà kàn mí lórí, kí n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé módẹ́ẹ̀mù sókè.

Gbogbo alábàágbé wa ló ti fi ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tí à ń lò sílẹ̀. Wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ri òpó rẹ̀ sí ọ̀nà Ìbá, tiwọn sì ń sáré. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tiwa làwọn ti kọ́kọ́ ra láìnì, òun làwọn mọ̀. Bó bá tilẹ̀ ń falẹ̀, ó ń dé.

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá Táyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ń fi orúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì tó gbà wọ́n wọlé. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù wọn kò bá wọlé, ààyè wọn bọ́ nìyẹn. Láti àárọ̀ ni àmì róbótó tó ní ká máa dúró ti ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Apá ń ro mí, omijé ń bọ́ lójú mi. Kì í ṣe apá ríro nìkan ló ń pa mí lẹ́kún. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá mira díẹ̀, mo ti ba ayé ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni Ìyá Rẹ̀mí, alábàágbé wa tó ń din àkàrà, wọlé wá tọrọ iyọ̀. Wọ́n rí ọmọ tó kúnlẹ̀, tó nawọ́ sókè, tó ń sunkún. Kí ni wọn ò bá rò? Wọ́n ké sí bàbá mi tó wà ní pálọ̀:

“Bàbá Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì í. Ọmọdé ni.” Wọ́n yíjú sí mi. “Gbé ọwọ́ ẹ sílẹ̀, ọmọ mi. Mo ti bá ẹ bẹ̀ wọ́n.”

Àgbà ló sọ̀rọ̀. Mo gbé ọwọ́ sílẹ̀.

Bọ̀dá Táyọ̀ sọ láti inú pálọ̀ pé, “Ó ti lọ.”

Mo rò pé fọ́ọ̀mù ló lọ. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nẹ́tíwọ̀kì ni. Nígbà tó fi máa padà, aago méjìlá ti kọjá.

Ẹnikẹ́ni ò nà mí, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìyá Rẹ̀mí gbé àkàrà wá láti bẹ̀bẹ̀, a ò lè jẹ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá mi ti rìn lọ sí Ìbá, wọ́n sì ra láìnì ilé-iṣẹ́ kejì. Odidi ọdún kan ni Bọ̀dá Táyọ̀ fi dúró kí wọ́n tó rí ààyè mìíràn.

Lónìí, èmi náà ti jáde ní yunifásítì, láìnì méjì ló sì wà nínú fóònù mi. N kì í wojú ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kankan. Èyí tó bá ti ń falẹ̀, mo ti pa á tì. Mò ń kọ̀wé wáṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi, kí n sì tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé. Bàbá mi máa ń béèrè bóyá àwọn tí mo kọ̀wé sí ti fèsì. Láyé ìgbà yẹn, bí èsì ò bá wá, a lè sọ pé ìwé ọ̀hún ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní báyìí tí èsì ò wá, mo mọ̀ pé ó dé.