Ìpele Mẹ́fà, Kò Dín Kan

Nígbà tí a wà ní yunifásítì, odidi púláíwúùdù kan kò tó náírà márùn-ún. Lọ́dún yìí, ní Ìkọ̀tún, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni wọ́n pe èyí tó tín-ín-rín jù fún mi, èyí tí ọwọ́ lè tẹ̀ bíi páálí. Láyé ijọ́un, owó yẹn ì bá rán gbogbo yàrá wa jáde ilé ẹ̀kọ́, kó sì tún ṣẹ́kù. Mo ná an títí, mo sì rà á.

Àwa mẹ́fà la jọ gbé yàrá. Lọ́dún tí a fẹ́ jáde, a ò lọ sílé fún Kérésìmesì nítorí ìdánwò. A wá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé àwòrán Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, pákó mẹ́fà tí a tò lé ara wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpele tirẹ̀. Ẹnì kan gé ojú ọ̀run, ẹnì kan gé òkè, ẹnì kan gé ọ̀pẹ. Mùsùlùmí àárín wa gba ràkúnmí, ó ní àwa yòókù máa gé ewúrẹ́ oníké. Èmi gé olùṣọ́ àgùntàn mẹ́ta. Ẹni ìkẹfà gé ibùjẹ ẹran.

Láti ìgbà náà ni àwòrán náà ti ń ti ilé ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ilé tó bá wà lọ́dún kan, ibẹ̀ ni a ó ti jẹun lọ́jọ́ kejì ọdún. Ọdún tèmi la wà yìí. Ilé mi l'Ẹ́gbẹ̀dá náà ni ikán ti jẹ ẹ́ nígbà òjò, tí ó ku ìyẹ̀fun.

Ọmọ mi obìnrin ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká ra èyí tó ń tànná l'Ábúlé Ẹ̀gbá. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi á mọ̀.”

Mo fi pẹ́ńsù ya gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe rántí rẹ̀, mo sì gbé e lọ bá obìnrin kan ní Ìgandò tó fi ẹ̀rọ lésà ń gé pátákó orúkọ. Onítọ̀hún fi híjáàbù rẹ̀ nu gíláàsì ojú, ó wò ó.

“Bàbá, ìpele mẹ́rin la máa ń ṣe. Mẹ́fà á wúwo. Ẹ jẹ́ ká yọ òkè àti ọ̀pẹ yìí jàre.”

“Gbogbo wọn ló ní ẹni tó gé wọn. Èwo lo fẹ́ kí n lé jáde?”

Ó ya àwòrán mi sínú kọ̀ǹpútà, ó gbé pákó sábẹ́ ẹ̀rọ.

Iná tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí pákó, ó ń rùn bí igbó tí wọ́n sun. Ohun tó bó wa lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ yẹn parí rẹ̀ kí n tó mu omi tán. Inú bí mi díẹ̀.

Obìnrin náà gbé ìpele karùn-ún sókè, ni olùṣọ́ àgùntàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jábọ́ sílẹ̀. Ayùn ni mo ṣì ń rò nígbà tí mo ń yà á: láyé tiwa, a ó gé ènìyàn lọ́tọ̀, a ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ti ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ so mọ́ ilẹ̀.

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, àwọn darandaran yín ti sá lọ o!”

“Wọn ò sá. Kó wọn fún mi.”

“Ẹ jẹ́ kí n tún un yà nínú kọ̀ǹpútà, ká gé òmíràn.”

“Mo ní kó wọn wá. Gúlúù ńkọ́?”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo ń lẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ bá mi dì í mú, mo wò ó, ó fà sẹ́yìn.

“Ọ̀kan ti wọ́ o, sà.”

“Bó ṣe wọ́ nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn.”

Irọ́ ni. N kò kúkú rántí.

Ó ti wà lára ògiri mi báyìí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé rí i kó tó rí mi. Ẹni tó gé ojú ọ̀run ti kú. Ẹni tó gé òkè tẹ̀ lé e láàárín ọdún kan. Ẹni tó gé ibùjẹ ẹran kú sílẹ̀ òkèèrè, a ò rí i sin. Ẹni tó gé ọ̀pẹ wà láyé, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ á gbé e wá. Ẹni tó gé ràkúnmí wà láyé, ó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí n má fi ata pa òun. Ẹni tó gé olùṣọ́ àgùntàn wà láyé.