Òróró Máṣíìnì Nínú Pádì Ọmọ Mi

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Ọ̀mù-Àrán, kò sì sí àárọ̀ tí n kì í kán òróró sí máṣíìnì mi kí n tó jókòó: ẹ̀kán méjì lókè, ẹ̀kán kan nísàlẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní irin tó bá ń yí láìrí òróró yóò jẹ ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ń kàwé ní Òrò. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń díje nínú géèmù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti wọ àṣekágbá. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ó gbé pádì tó fi ń gbá a wálé, nítorí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń dédé rìn lọ sápá òsì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tú u sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó fi sípíríìtì nu ìdí igi kékeré tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí, ó sì lọ wẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Màmá."

Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n igi náà gbẹ, àtàǹpàkò ọmọ mi sì ti lé ròrò. Mo kán ẹ̀kán méjì sí i. Kò tó mẹ́ta. Mo kà á.

Nígbà tó dé, ó tò ó padà, ó tan géèmù. Agbábọ́ọ̀lù kò lọ sósì mọ́. Ó ń yí po lójú kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Ó gbé pádì símú.

"Màmá, ta ló fi òróró yàn án?"

"Ó gbẹ ni."

"Ó yẹ kó gbẹ! Àbí ẹ fẹ́ kó lọ jọba ní Òrò ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Kò ní pádì mìíràn, kò sì lè fi ti ẹlòmíràn gbá a dáadáa: ó ti fi rọ́bà gbé igi tirẹ̀ ga níwọ̀n ìka rẹ̀.

Ó tún tú u, ó fi òwú àti sípíríìtì nu òróró náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìrìn òsì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní igi náà ti rọ̀ jù, ó ń fẹ́ ohun tí yóò há a mọ́ àárín. Mo mú aṣọ líle tí a máa ń fi sínú kọ́là, mo gé òrùka kan, mo fún un ní ihò mìlímítà mẹ́jọ. Ó fẹ̀ jù. Mo gé òmíràn, méje. Agbábọ́ọ̀lù dúró ṣinṣin.

Lọ́jọ́ Sátidé mo bá a lọ sí Òrò. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, bó ṣe pàṣẹ. Wọ́n fi góòlù kan ṣoṣo borí rẹ̀, méjì sí ọ̀kan. Mo sáré bá a.

"Ṣé òrùka yẹn ni?"

"Rárá o. Pádì dúró. Èmi ni mo kánjú." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ ṣáà mọ ẹni tí mo fi jọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá ìwé kékeré tí ọmọ mi lẹ̀ mọ́ ìgò òróró mi: "Fún máṣíìnì nìkan." Mo mú báírò, mo fi kún un: "àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé."