Obìnrin Tó Ń Fọ Jẹ́sí Ẹgbẹ́ Tí Kì Í Borí

"Ààlọ́ mi rèé o."

"Kó máa bọ̀, Grandma."

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé Ìjàpá. Kàfáyàtù ló bà lé, obìnrin tó ń fọ jẹ́sí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní North York, ní Kánádà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré ni mò ń wí o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá.

Ọdún méjì, ẹgbẹ́ náà kò borí ẹnikẹ́ni. Kóòṣì wọn bínú lọ. Àwọn aláṣẹ ní bí kóòṣì tuntun kò bá gba iṣẹ́ náà kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, àwọn á tú ẹgbẹ́ ká. Iṣẹ́ Kàfáyàtù á sì bá a lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó rí láti ìgbà tó ti wọ Kánádà.

Wọ́n rí ẹnì kan, Michael, ó ní òun á kọ́kọ́ wá wò ó. Dáramọ́lá, ọ̀gá Kàfáyàtù, ní kó fi gbogbo ogójì jẹ́sí kọ́, kí àlejò lè rò pé ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀. Ó kọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Michael bá a ní yàrá ìfọṣọ. Ó bi í pé jẹ́sí mélòó ló máa ń dọ̀tí bí wọ́n bá ti ìdánrawò dé.

Ẹ̀yin ọmọ, nílé wa, alárinà kì í bo àrùn ìyàwó mọ́ ọkọ lójú.

Kàfáyàtù ní, "Mọ́kàndínlógún, sà. Eruku ni mò ń gbọ̀n lára ìyókù."

Nígbà tí àlejò lọ tán, Dáramọ́lá, tó ti gbọ́ ohun tó sọ, ní, "Ìyá olóòótọ́, o káre. Máa lọ di ẹrù ẹ."  Kàfáyàtù ń ká aṣọ lọ.

"So did he come?" Lará, ọmọ ọmọ mi, ló béèrè.

Michael wá, ó gba iṣẹ́ náà. Ó ní níbi tí ẹnì kan bá ti lè sọ òótọ́, òun lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ òfin tó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí kálukú máa fọ jẹ́sí ara rẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí ẹni tí jẹ́sí rẹ̀ kò dọ̀tí, tí kò wá sí ìdánrawò. Kò ronú pé iṣẹ́ ẹnì kan ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n fún Kàfáyàtù ní lẹ́tà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ibùdókọ̀ rẹ̀ kọjá, kò mọ̀.

"Ṣé ó sunkún?"

Rárá. Ó se ìrẹsì, ó jẹ ẹ́, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ó yá, Lará, jí Jùwọ́n àbúrò ẹ lórí àga yẹn. Ẹ lọ fọ ẹnu yín, kí ẹ lọ sùn.