Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Pariwo Lé Ọjà'ba Lórí

Òórùn ọṣẹ dúdú kì í fi aṣọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, sá a sóòrùn, tí o bá gbé e sún mọ́ imú, òórùn eérú àti àdín yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Inú òórùn yẹn ni mo dàgbà sí, nítorí ọlọ́ṣẹ ni ìyá mi, ọlọ́ṣẹ sì ni ìyá tó bí i. Ìsọ̀ wọn wà ní Ọjà'ba, ní ẹ̀bá títì gan-an, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Mápó. Páànù ni wọ́n fi bo orí ìsọ̀ náà, kànìnkànìn sì rọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Àwọn oníbàárà tó ń wá láti Òjé àti Bẹẹrẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, ọlọ́ṣẹ ẹ̀bá títì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀bá títì yẹn ló fi rán mi níléèwé títí mo fi jáde ní pólì.

Lẹ́yìn pólì, mo jókòó sílé fún ọdún kan ó lé láìríṣẹ́. Nígbà tó yá, ìjọba ìbílẹ̀ kan lágbègbè náà, tí mi ò ní dárúkọ, gbà mí sí ẹ̀ka ìròyìn wọn fún ìgbà díẹ̀. Má jẹ́ kí orúkọ "ẹ̀ka ìròyìn" yẹn tàn ọ́ jẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó síwájú ọkọ̀ kan tó ti gbó, tí wọ́n so gbohùngbohùn méjì mọ́ lórí, kí n di máíkì mú, kí n máa sọ fún ìlú ohun tí káńsù bá fẹ́ kí ìlú gbọ́: ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń bọ̀, kí àwọn ará etí odò Ògùnpa má da ìdọ̀tí sómi. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ náà ti wà nídìí ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Kì í sáré, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, orógbó kì í sì í tán lẹ́nu ẹ̀. Èmi ní tèmi, ọ̀rẹ́ mi, mo gbéra ga. Mo ra gíláàsì dúdú. Mo rò pé ohùn mi ti di ohùn ìjọba.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá wa fún mi ní ìwé ìkéde tí wọ́n tẹ̀ lédè òyìnbó, pé kí n sọ ọ́ di Yorùbá. Mo kà á. Káńsù fẹ́ wó àwọn ìsọ̀ páànù tó wà lápá ọ̀dọ̀ ìyá mi, kí wọ́n kọ́ oníbúlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó ti ń tajà níbẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Bí orúkọ bá ṣe tẹ̀léra nínú ìwé ni wọ́n á ṣe pín ìsọ̀. Àwọn tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gba ẹ̀bá títì, àwọn tó bá kẹ́yìn á bọ́ sẹ́yìn létí gọ́tà. Èyí tó bá sì ṣẹ́kù, ará ìta tó bá fẹ́ ló ni ín. Mo sọ nínú ara mi pé kò séwu, ìyá mi á gbọ́ ohùn mi, òun ló sì máa kọ́kọ́ dé. Apá kejì ìlú, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, ni mò ń gbé nígbà náà, n kì í rí ìyá mi lójoojúmọ́.

A gbéra. Bí a ṣe dé Ọjà'ba, mo fẹnu sí máíkì, mo sì fi ohùn tí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń lò bẹ̀rẹ̀: "Ìkéde pàtàkì. Ìjọba ìbílẹ̀ ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń tajà ní agbègbè yìí." Mo ka gbogbo ẹ̀ láìsinmi, mo sì fi "ẹni tó bá kọ̀, kó má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi" parí ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wa yí ojú sí mi.

"O ò kí wọn," ó ní.

"Bàbá, kò sí ìkíni nínú ìwé tí ọ̀gá fún mi."

Ó jẹ orógbó ẹ̀, ó sì ń wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń kọjá, mo rí ìyá mi tó tẹrí ba sórí igbá ọṣẹ, tó ń wá nǹkan tí mi ò mọ̀. Mo rò pé ojú ń tì í nítorí pé inú ẹ̀ dùn jù. O ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó. Ọjọ́rú, a tún lọ. Ọjọ́bọ̀, a tún lọ. Ohùn kan náà, ìkìlọ̀ kan náà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá wa ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ lójú mi. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ò kún ojú ewé kan. "Ó jọ pé wọn ò fẹ́," ló sọ. "Kò burú. Àwọn tó fẹ́ pọ̀ níta." Kò sọ ọ́ tìkàtìkà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Mo fa ìwé náà sọ́dọ̀. Mo fi ìka tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ti ìyá mi. Nígbà tí ọ̀gá jáde lọ kírun, mo mú bíró, mo kọ orúkọ ìyá mi sí ìlà tó kàn. Ìlà yẹn ṣì wà lára àwọn tó máa gba ẹ̀bá títì. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán ni mo tó mí.

Bí iṣẹ́ ṣe parí, mo gba ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà lọ. Mo bá ìyá mi lójúde, ó ń fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ sí wẹ́wẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì fi ayọ̀ sọ fún un pé, "Màámi, mo ti bá yín kọ orúkọ yín. Ẹ̀bá títì náà lẹ máa wà."

"Orúkọ mi níbo?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ọ̀bẹ ọwọ́ ẹ̀ dúró. "Ṣé ohun tí o ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn?"

"Òun ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ariwo," ó ní. "Gbogbo wa la gbọ́ ariwo."

Ó wá là mí lóye. Ó ní ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ ire wá sí Ọjà'ba, yóò kọ́kọ́ kí ọjà. Ẹni tó bá dé tó ń kìlọ̀ láìkí èèyàn, owó ìtánràn ló wá gbà, tàbí ó fẹ́ kó wọn lẹ́rù. Bí wọ́n ṣe gbọ́ mi lọ́jọ́ kìíní, ìyá olóbì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti da aṣọ bo àwo obì, ó ní káńsù ti tún dé. Àwọn yòókù kọ etí dídi sí mi. "Èmi gan-an ń fi ojú pamọ́," ìyá mi ní. "Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkíni kó tó mọ̀ ọ́n rìn."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé a ti bọ́ nínú ewu. Ó wá bi mí pé, "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tiwa ná."

"Ìyá olóbì tó pọ̀n ọ́ fún oṣù méjì nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn, kí n máa wò ó kó máa kó àwo ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Lọ pa orúkọ mi rẹ́."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ṣe irú ẹ̀ fún òun. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn padà sídìí ọṣẹ ẹ̀, ó ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ ò lójú. Lọ síbẹ̀ lọ́la, kí o fi ojú ara rẹ bá wọn sọ̀rọ̀." Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ti sunkún délé.

Ọjọ́ Ẹtì, mo tètè dé ọ́fíìsì, mo fi bíró fa igi sí orúkọ ìyá mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà wa. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní "mo sọ fún ọ." Ó ní, "Jẹ́ ká tètè lọ kí oòrùn tó mú." Bí a ṣe dé Ọjà'ba, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo bọ́ gíláàsì dúdú mi, mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ láìmú máíkì dání. Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níbi tí gbogbo wọn ti lè rí mi, mo sì ké sókè.

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú ìjókòó, ọjà á tà o. Ẹ̀yin olóbì, ẹ kú òwúrọ̀. Ẹ̀yin aláta, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni, ọmọ ọlọ́ṣẹ ẹ̀bá títì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pariwo lé yín lórí láìkí yín. Ẹ má bínú, ẹ forí jì mí."

Àwọn obìnrin yíjú sí mi. Ìyá olóbì ló kọ́kọ́ dáhùn: "Àmín o, ọmọ mi. Kí ló dé, tí o wá ń kúnlẹ̀?" Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún wọn pé ìsọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́, pé orúkọ nìkan ni káńsù ń bèèrè, àti pé aago mẹ́rin òní ni òpin ẹ̀. Mo wọ gbogbo ìsọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kí, mo ń sọ ọ́, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí ọ́fíìsì wa, àwọn mìíràn gbé àpótí ìjókòó wọn dání.

Mo sáré padà lọ kọ orúkọ. Ìlà ń kún, mo sì ń gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mò ń bi pé, "Màámi ńkọ́?" Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: "Wọ́n wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń bá wa wo ọjà." Ṣé o rí i, èèyàn ò lè fi ọjà sílẹ̀ lásán. Ẹni tó bá ń lọ á ní kí ẹni tó kù bá òun wo ọjà òun, ìyá mi sì ni gbogbo wọn fi tiwọn lé lọ́wọ́. Àwọn ìlà ẹ̀bá títì tán lójú mi. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà wa pé kó lọ gbé e wá. Òun nìkan ló padà dé. "Ìyá ẹ ní ìyá aláta tí ẹsẹ̀ ń dùn ò tíì padà dé ìsọ̀ ẹ̀," ó ní. "Wọ́n ní kí n gbé ìyá yẹn padà ná."

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni ìyá mi wọlé, ọṣẹ ṣì wà léèékánná ẹ̀. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ló kù, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó kọjú sí gọ́tà. Mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún un pé kí n lọ bẹ ọ̀gá, bóyá wọ́n á bá wa tún un ṣe.

"Kọ ọ́ síbi tó kàn," ó ní. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Wọ́n kọ́ ìsọ̀ náà lóòótọ́, ó sì dára. Ìyá olóbì bọ́ sí ẹ̀bá títì. Ó máa ń júwe ìyá mi fún àwọn oníbàárà, ó tiẹ̀ máa ń mú àwọn mìíràn lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ọjà ìyá mi ò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń kánjú ò ní wọ ẹ̀yìn lọ wá ọṣẹ. Ní tèmi, wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá, mo ti di ọ̀gá ní ẹ̀ka kan báyìí. Orí WhatsApp ni àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi ń fi ìkéde sí, n kì í sì í jẹ́ kó jáde láìsí ìkíni níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá Ẹ-kú-ọjà ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mi ò bínú sí wọn.

Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, mo lọ kí ìyá mi ní ìsọ̀. Gọ́tà ń rùn, kò sí oníbàárà kankan. Mo wá bi í léèrè ohun tí mi ò gbójúgbóyà bi í láti gbogbo ọdún yìí wá, bóyá ọ̀rọ̀ ìsọ̀ yẹn dùn ún.

"Ó dùn mí," ó ní. "Ibi tí ìyá mi jókòó sí ni. Ó ṣì ń dùn mí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀, Màámi. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè mi ò yé. "Ká ní mo lọ, ta ni ì bá bá wọn wo ọjà?"

Ọjọ́ kan péré ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọjà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jókòó ti ọjà ọlọ́jà láti àárọ̀ dé aago mẹ́rin, kó máa wo bí ipò tirẹ̀ ṣe ń lọ, mo ti ń ṣiṣẹ́ ìlú láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.