Ìṣẹ́jú Méjì fún Alága

Bàbá Oyèwọlé ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Troyeville, ní Johannesburg níbí. Iṣẹ́ sófà ni wọ́n ń ṣe ní Jeppestown. Èèyàn tó le ni wọ́n, mi ò ní purọ́. Àwa mẹ́ta yòókù nínú kọmití ti bú wọn lẹ́yìn títí ó fi sú wa.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Soweto tó ń yáni lówó lọ́jọ́ téèyàn bá béèrè. Ni àwọn èèyàn wa bá ń yọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi akọ̀wé dá a lábàá pé kí àwa náà fagi lé òfin pé ẹni tó bá fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ pé òfin kan náà ló ń mú gbogbo wa ló máa fi owó rẹ̀ síbì kan kó sì sùn. Mo ní lọ́kàn mi pé ọjọ́ orí ti ń bá wọn jà.

Ní oṣù kẹta, òtẹ́ẹ̀lì kan kó ogójì àga wá fún Bàbá láti tún ṣe, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sì daṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá rí òmíràn rà lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù láti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Nígbà ìpàdé, wọ́n bọ́ síta, torí ọmọ kọmití kì í jókòó síbi tí a bá ti ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ta ló fẹ́ kọ̀ fún àgbà? Ìṣẹ́jú méjì la fi fọwọ́ sí i. Ẹ̀rín ni mo fi lọ pè wọ́n wọlé.

Wọ́n wo aago. "Ìṣẹ́jú méjì? Ta ni onídùúró mi kejì?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló buwọ́ lù ú. Onídùúró gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́gbẹ́, àwọn tó sì lò tó bẹ́ẹ̀ ti dúró fún ẹlòmíràn tán.

"Eish, Bàbá," ni mo wí, "ẹ̀yin kọ́ lẹni tí a ń wá onídùúró fún."

"Èmi náà ni. Ẹ tún un ṣe." Wọ́n tún jáde.

Fúnmi, nọ́ọ̀sì tó kéré jù láàárín wa, ló sọ̀rọ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù náà ò pé, ká dá a padà. Inú bí mi sí i gidi, àmọ́ a dá a padà.

Ní Ọjọ́rú, òtẹ́ẹ̀lì wá kó àga wọn. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ń bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Ó dùn mí wọ eegun.

Ọkọ̀ náà ò tíì pẹ́ tó lọ tí Fúnmi fi wọlé, tó kúnlẹ̀. Mo rò pé ó wá tọrọ àforíjì ni.

"Bàbá, màmá mi fẹ́ wọ ẹgbẹ́."

"Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ni?"

"Rárá, sà. Ọdún mẹ́rin nìyí tí wọ́n ti wà níbí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ wọlé. Èmi ni mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù, títí màá fi rí i pé òfin ẹgbẹ́ ń mú àgbà náà."

Ọdún mẹ́rin náà ló ti ń bá wa jókòó ní kọmití. Bàbá ní kí n fún un ní fọ́ọ̀mù.