Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Bàbá, Lẹ́bàá Odò Mersey

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ ní Abẹ́òkúta. Kí wọ́n tó kọ́ wa ní ABD ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọdé kì í kọjá níwájú àgbà láì tọrọ ààyè. Tí àgbà bá ń lọ lọ́nà, tí ìwọ sì ń kánjú, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà," wàá sì dúró kó dá ọ lóhùn. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí èèyàn máa ṣe tí àgbà náà bá wà lórí kẹ̀kẹ́.

Ní àwọn ọdún 2000 wọ̀nyẹn, yàrá kan ni mo ń gbé ní Whalley Range, ní Manchester, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Chorlton-on-Medlock. Èmi ni mo máa ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Ọlọ́run ló fún mi níṣẹ́ náà, mo dúpẹ́. Ẹnì kan nínú ìjọ tún fún mi ní kẹ̀kẹ́ tí kò lò mọ́, irú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tó lè rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn náà. Lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́, màá gùn ún lọ sí etí odò Mersey, màá lọ gbàdúrà láàrin igi. Ògiri yàrá mi tín-ín-rín, aládùúgbò mi sì ti wá kan ilẹ̀kùn rí nítorí àmín. Nínú igbó yẹn, ajá nìkan ló máa ń wo èèyàn. Báyìí ni mo ṣe mọ gbogbo ọ̀nà ibẹ̀, títí kan èyí tí omi máa ń bò bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa.

Ohun tí mo ń gbàdúrà lé lórí ni ọmọ alàgbà kan nínú ìjọ wa. Manchester ni wọ́n bí i sí, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, èmi àti òun sì ti gbà láti fẹ́ra. Ó ku bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti wà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí mi. Ẹnjiníà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìjọ ló ń pè é ní Daddy. Pásítọ̀ bá mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú rẹ̀. Daddy ní, "Mo ti gbọ́." Fún oṣù bíi mélòó kan, ohun tó sọ náà nìyẹn. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i lẹ́yìn ìsìn, á ní, "Mo ti gbọ́," bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún béèrè ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Wọ́n ní o máa ń gun kẹ̀kẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Dọ́kítà ní kí èmi náà máa gùn ún, torí ṣúgà mi. Wá bá mi ní Sátidé."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún un. "Interview nìyẹn o. Ṣáà máa ṣe bí ara ẹ."

"Ara mi wo?"

"Èyí tó máa ń sọ̀rọ̀."

Mo wọ ṣòkòtò tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí ilé àna ni mò ń lọ. Daddy jáde nínú ilé rẹ̀ ní Stretford pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú péńpé kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára bí awọ. Mi ò tíì rí itan alàgbà ìjọ rí. Mo dọ̀bálẹ̀ kíákíá, mi ò sì kánjú dìde.

Ó bọ́ síwájú, mo tẹ̀ lé e. Daddy kì í sáré. Màmá òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ kọjá lára wa. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kọjá, ó jókòó de ẹni tó ni ín, a kọjá rẹ̀, ó tún kọjá wa. Ọwọ́ mi kò kúrò lórí bíréèkì. Daddy ń bi mí ní ìbéèrè láì wẹ̀yìn.

"Kí lo ń ṣe ní ọsibítù gan-an?"

"Mo ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, sà."

"Ṣé iwájú lo máa ń wà ni, àbí ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn ni, sà."

"Hmm," ni Daddy wí. Mo ro "hmm" náà títí a fi dé afárá.

Lẹ́yìn afárá, ọ̀nà pín sí méjì. Èyí tó lọ sókè, òkúta wẹ́wẹ́ ni, ó gbẹ, ó sì gba ẹ̀bá igbó kọjá. Èyí tó lọ sísàlẹ̀ ló lẹ́wà jù, abẹ́ igi ló gbà lọ sétí odò, òjò sì ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ajé. Daddy yà sísàlẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo tún mọ̀ pé ọkùnrin tí ìdáhùn mi wà lẹ́nu rẹ̀ kò tíì dáhùn. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo wá ní, "Daddy, ẹ kú ìsapá o."

"Ooo."

"Òjò mà rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí o, sà."

"Ọlọ́run ló ni òjò."

"Àmín, sà."

Mo gbà pé mo ti sọ ọ́.

Táyà iwájú rẹ̀ wọ ẹrẹ̀, ó dúró. Daddy náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sùn. Èmi ò ṣubú. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi kẹ̀kẹ́ mi ti igi, mo sì rìn wọnú ẹrẹ̀ náà tọ̀ ọ́ lọ títí ó fi mù mí dé orúnkún. Kò bójú mu kí àgbà wà nínú ẹrẹ̀ kí ọmọdé dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Daddy jókòó síbẹ̀, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé omi wà níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Látìgbà wo?"

"Ká tó yà, sà."

Pẹ́pẹ́yẹ kan wẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ní òjò rọ̀, sà."

"Lọ́jọ́ tí ilé bá ń jó," ni Daddy wí, "ṣé wàá sọ fún ọmọ mi pé ooru ń mú?"

Ní tèmi, ìgbéyàwó náà ti parí síbẹ̀, mo sì ń ronú bí màá ṣe sọ fún ọmọ rẹ̀. Mo fún un lọ́wọ́, mo fà á dìde.

"Tí ilẹ̀kùn bá wà níwájú bẹ́ẹ̀dì tó ò ń tì ńkọ́?"

"Mo máa ń pariwo, sà. Kí wọ́n ṣí i."

"Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹ nígbà yẹn. Bọ́ síwájú. Ìwọ lo mọ ọ̀nà."

Mo dọ̀bálẹ̀ síbi tí mo wà, nínú omi. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ kọjá."

"Kọjá, jàre! Ẹsẹ̀ ń tutù mí."

A gbé kẹ̀kẹ́ jáde, a gba ti òkè. Bí mo bá ti wa kẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀, màá wẹ̀yìn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu igi lẹ́ẹ̀mejì. "Iwájú ni kí o máa wò!" ni Daddy ń pariwo. Ni mo bá kọjú síwájú, mo la ẹnu mi.

"Daddy, gbòǹgbò!"

"Mo ti rí i!"

"Ọwọ́ ọ̀tún, sà!"

"Ọ̀tún wo?"

"Ajá, sà!"

Ẹ̀ka igi kan wà tó tẹ̀ bo ọ̀nà. Mi ò ráyè wá ọ̀rọ̀ mìíràn. "Ẹ bẹ̀rẹ̀, sà!" Alàgbà ìjọ sì bẹ̀rẹ̀. Títí a fi dé Stretford, n kò sọ̀rọ̀ mọ́, àfi nígbà tí mọ́tò bá ń bọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló tì yín ṣubú?"

"Kò sẹ́ni tó tì mí, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi," ni Daddy wí. "Ohun tí mò ń bá a jà lé lórí náà nìyẹn." Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gun àtẹ̀gùn dé ìdajì kó tó rántí mi. "Sọ fún àwọn ẹbí ẹ kí wọ́n wá kí wa. Kí wọ́n wọ mọ́tò wá o."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní ìnusẹ̀. Àmì ẹrẹ̀ náà wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọlọ́run tó fún mi níṣẹ́ àti kẹ̀kẹ́ fún mi ní ìyàwó pẹ̀lú, mo dúpẹ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, ìyàwó mi àti Daddy, la wá ń lọ sétí odò báyìí. Èmi ni mo máa ń wà níwájú, lẹ́yìn tí mo bá ti tọrọ ààyè. Tí omi bá wà lọ́nà, mo máa ń sọ fún ìyàwó mi kedere pé omi wà lọ́nà. Kì í gbọ́. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni.