Òwú tí mo lẹ̀ mọ́ gíráàfù

Bàbá mi gba pépà iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi lónìí, wọn ò sì fẹ́ dá a padà.

Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́ ni wọn kì í fẹ́ jáde nílé ní Ilare. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó tẹ̀ lé mi lọ sí ọ́fíìsì mi ní yunifásítì láàárọ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó, wọ́n ní, "Iṣẹ́ olójú ni tìrẹ. Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, èmi náà ò rí ohun tí mo ń ṣèwádìí rẹ̀. Gáàsì háídírójìn tó wà nínú agbo ìràwọ̀ tó jìnnà ni. Ojú kankan ò lè rí i. Ẹ̀rọ rédíò ńlá la fi ń gbọ́ ọ, la fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó."

Wọ́n sún àga wọn mọ́ mi.

"O ò rí i?"

"Mi ò rí i, sà."

Mo wá fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú mọ́ ìlà gíráàfù gáàsì náà, èyí tí mo fẹ́ fi kọ́ kíláàsì mi lọ́la, mo fa pépà náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Òkè olórí méjì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Agbo ìràwọ̀ náà ń yí po ni. Orí kan ni gáàsì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, orí kejì ni èyí tó ń lọ."

"Orí wo ló ń bọ̀?"

Mo gbé ìka wọn lé e. Nínú ọkọ̀ ìjàpá mi, ìka náà ò kúrò níbẹ̀ títí a fi délé.

Wọ́n ti sùn lọ lórí àga báyìí, pépà náà wà láyà wọn. Mo sì nílò rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta nínú yín ló lè yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn?